Ẹ̀rọ Ajah Kò Sọ Bẹ́ẹ̀

Ìlà mẹ́ta péré ni àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà. Fèyíkẹ́ Ọdúnjọ ti kà á títí ojú fi ń ta á, kò sì yí padà. Sátidé, aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ọ̀sán. Abraham Adésànyà: mo gbà pé ká pa fídíò Bàbá rẹ́. Ajah: èmi náà gbà. Lẹ́kkí: kò sí níbẹ̀.

"Ó ní òun gbà?" ni Inspẹ́kítọ̀ Rọ̀kíbátù Dúrósinmí bi í. "Ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, mà."

"O káre. Ṣé o máa jẹ ẹ̀pà?"

Ẹ wo irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹni tí ẹbí rẹ̀ pè ní olè lánàá. Fèyíkẹ́ mi orí. Ó ti gbọ́ pé obìnrin yìí ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó gbọ́n jù ní gbogbo ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti jókòó sí àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀ Túsìdeè yìí, kò tíì rí i kó ṣe ohun mìíràn ju kó máa bó ẹ̀pà sísun, kó máa fẹ́ èèpo rẹ̀ sílẹ̀.

"Bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. "Mi ò mọ kọ̀ǹpútà o. Sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ ọ́ fún ìyá ẹ̀."

Fèyíkẹ́ sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà kéékèèké mẹ́ta ni, ọ̀kan ò tóbi ju búrẹ́dì lọ. Ọ̀kan wà nílé òun ní Abraham Adésànyà Estate. Èkejì wà ní ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n òun, Àníọlá, ní Lẹ́kkí Phase 1. Ẹ̀kẹta wà ní agboolé wọn létí ọ̀sà, lẹ́yìn Ajah, nínú ṣọ́ọ̀bù tí Bùọ̀dá Jàmíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, ti ń bá àwọn èèyàn cháàjì fóònù. Ohun tí wọ́n bá fi sínú ọ̀kan, àwọn méjì tó kù á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì mú irú ẹ̀ pamọ́. Ìdánwò lásán ló fi bẹ̀rẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa ṣiṣẹ́. Ìgbà tó ṣiṣẹ́ ni wọ́n wá kó ohun tó ṣe pàtàkì sínú rẹ̀.

"Omi lè wọ ilé ẹnì kan, mà. Olè lè wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì. Kò lè ṣẹlẹ̀ síbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan náà."

"Tẹ́nì kan bá wá fẹ́ pa nǹkan rẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ kan ò tó o ṣe. Méjì gbọ́dọ̀ gbà. Tí méjì bá ti gbà, ẹ̀kẹta á tẹ̀ lé wọn, kódà kó wà ní pípa. Ìgbà tí wọ́n bá tàn án ló máa gbọ́, á sì pa tiẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kkí nìyẹn. Kò sí ní títàn ní Sátidé. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Àǹtí mi tàn án, ó sì pa tiẹ̀ rẹ́ lójú wọn."

"Ìpàdé ẹbí ni o, Fèyíkẹ́. Ẹni tí kò bá wá, wọ́n á ti pín ilẹ̀ tán kó tó dé." Inspẹ́kítọ̀ fẹ́ èèpo ẹ̀pà dànù. "Kí ló wà nínú fídíò yẹn?"

Fèyíkẹ́ sọ ìyẹn náà. Bàbá Ọdúnjọ, bàbá tó bí bàbá rẹ̀, ló wà níbẹ̀. Ó ti ń ṣàìsàn nígbà náà, ṣùgbọ́n ó mú ọ̀pá, ó rin ààlà ilẹ̀ agboolé wọn já, ó ń dárúkọ igi kọ̀ọ̀kan àti ẹni tó gbìn ín, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ gbáko. Àwọn kan tó ń kọ́ ilé olówó ńlá ti wá sọ pé àwọn ni àwọn ra ilẹ̀ náà. Omi ti jẹ ìwé àtijọ́ ẹbí. Bàbá náà ti lọ, fìdáù ogójì ọjọ́ rẹ̀ ni wọ́n ṣe ní Sátidé. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni ilé ẹjọ́ fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí. Tí kò bá sí fídíò, ilé mẹ́tàlélógún máa wó.

"Orí fóònù rẹ lo fi ya á?"

"Mo ti pa á rẹ́ níbẹ̀ kí n lè ráàyè. Ṣebí ibi mẹ́ta ló wà." Ó nu ojú. "Àǹtí Àníọlá ló ka àkọsílẹ̀ yìí sí ẹbí létí lánàá, tẹkúntẹkún. Gbogbo wọn bá kọjú sí mi. Wọ́n ní èmi àti Bùọ̀dá Jàmíù la ta àwọn, torí ẹ̀rọ àwa méjèèjì ló gbà. Mo sì mọ̀ pé èmi kọ́. Ó ku Bùọ̀dá Jàmíù. Láti ọjọ́ Àìkú ni fóònù wọn ò ti lọ."

"O ti dá a lẹ́bi nìyẹn."

Òótọ́ ni. Ó ti dá a lẹ́bi, kí ló kù?

*

Ẹni tí Inspẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ni Olúwatósìn, ẹni tó ń ṣe ínfátà àti sólà. Ìwé ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì fi hàn pé ó wọ ilé Fèyíkẹ́ ní aago méjì ní Sátidé, aago mẹ́rin ló jáde, kò sì sẹ́nì kankan nílé ju òun lọ.

"Kí lo wá ṣe?"

"Sólà orí òrùlé ló ń ṣe ségesège, mà. Àǹtí Fèyíkẹ́ ló ní kí n wá."

"O rí ẹ̀rọ kékeré kan lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n?"

"Mo rí i. Mo rò pé díkódà ni."

"Aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú, níbo lo wà?"

"Orí òrùlé." Ọmọkùnrin náà ti ń làágùn. "Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn láti òkè níbẹ̀."

Fèyíkẹ́ yẹ fóònù rẹ̀ wò. Fọ́tò mẹ́fà, àkọ́kọ́ wọlé ní ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, ìkẹyìn ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Bẹ́ẹ̀ ló rí: pákó sólà, ọwọ́ Olúwatósìn, ọ̀run.

"Máa lọ," ni Inspẹ́kítọ̀ wí fún un. Ó wá yíjú sí Fèyíkẹ́. "Ó lè dé ìdí ẹ̀rọ tìrẹ, kò lè dé ti Ajah. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yìí kò nílò kó wọlé ẹnikẹ́ni. Dìde, ká lọ wo Bùọ̀dá rẹ."

*

Etí ọ̀sà ni wọ́n ti bá Jàmíù, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Fèyíkẹ́ ti to èébú tó fẹ́ bú u jọ láti orí títì, láti ibi tí wọ́n ti wọ kẹ̀kẹ́ márúwá, ṣùgbọ́n Inspẹ́kítọ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ dákẹ́.

"Àwọ̀n ló kù tó ò ń ṣe báyìí?" ni Inspẹ́kítọ̀ bi í.

"Kí ni kí n ṣe, mà? Alácháàjì tí kò níná, kí ló yàtọ̀ sí ọ̀lẹ?" Jàmíù rí Fèyíkẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. "Wọ́n ní ẹ lọ pe ọlọ́pàá sí mi. Fóònù mi kú ni o. Mi ò sá."

"Aago méjì àbọ̀ ní Sátidé, níbo lo wà?"

"Níbi fìdáù Bàbá. Ẹ̀yìn àfáà ni mo wà, mò ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀."

"Jẹnẹrétọ̀ ta ni?"

"Tèmi ni, mà, ta ló tún ní? Táńsífọ́mà wa ti jóná láti Wẹ́sìdeè tó kọjá. Jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ṣe cháàjì títí di Fúráídè. Wọ́n wá ní àfáà gbọ́dọ̀ rí máíkì lò, ni mo bá tú u kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Sátidé, mo fi bárò tì í lọ. Ẹ bi gbogbo ẹni tó wá. Àárín ìwàásù ló kú, ìwàásù bá di àgbọ́ìgbọ́tán. Ẹ̀rín pa àwọn èèyàn."

"Aago mélòó ló kú?"

"Ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló wà títí di ìsinsìnyí."

Inspẹ́kítọ̀ ti ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àpò. Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó dáwọ́ jíjẹ dúró nìyẹn.

"Ẹ̀rọ Fèyíkẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà lórí pẹpẹ níbi tó wà. Kò síná, kí ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́?"

Fèyíkẹ́ gbọ́ ọ, ó wá dà bíi pé ẹnì kan yọ òkúta kúrò láyà rẹ̀. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣílẹ̀kùn, ó rí ẹ̀rọ náà, eruku bò ó. Ó ti tan íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀, ó ti fa wáyà pawabáǹkì jáde nínú báàgì, ó fẹ́ kì í bọ̀ ọ́, kó lè wo inú rẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má tàn án."

"Mà, mo kàn fẹ́ wò bóyá—"

"Mo ní má tàn án. Kí lo sọ fún mi láàárọ̀? Ẹni tí kò wá sípàdé, ìgbà tó bá dé ló máa gbọ́ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Eléyìí ò tíì dé, Fèyíkẹ́. Kò tíì gbọ́."

Fèyíkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò tíì gbọ́. Bàbá ṣì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú kan sí i, ọwọ́ òun fúnra òun ni ì bá fi pa á. Ó bú sẹ́kún, kò sì dá a dúró.

"Ẹ forí jì mí, Bùọ̀dá," ni ó wí. "Mo ti rò yín sí ibi."

"Mo mọ̀," ni Jàmíù fèsì. Kò sọ pé kò burú.

Inspẹ́kítọ̀ jẹ́ kó sunkún tán. Ó wá jókòó sórí àga kékeré. "Ajah ò sí láyé ní Sátidé, àkọsílẹ̀ ní Ajah sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ló gbé ohùn Ajah wọ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ohùn ara wọn?"

"Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ kan nínú tó fi ń ṣe ìdánimọ̀. Kọ̀ǹpútà tó bá ti ní kọ́kọ́rọ́ Ajah lọ́wọ́, wọ́n á kà á sí Ajah."

"Níbo lẹ ti rọ kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Lórí tábìlì ìjẹun mi. Gbogbo wa la wà níbẹ̀."

"Kọ̀ǹpútà ta ni?"

Fèyíkẹ́ fẹ́ sọ pé tòun ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀. Tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe lọ́sẹ̀ náà. Lápútọ́ọ̀pù tí wọ́n lò, tí ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ ṣì wà nínú ẹ̀, ó rántí rẹ̀ dáadáa, ó rántí ẹni tó ń fi ìka tọ́ ọ níbi tó ti tẹ ọ̀rọ̀ ṣì, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló mọ pásíwọ̀ọ̀dù tí èèyàn lè fi ti òkèèrè wọ ẹ̀rọ ilé rẹ?"

"Orúkọ ìyá wa ni, Àṣàkẹ́, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n kú." Ohùn rẹ̀ ti fẹ́ tán. "Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n."

"Ẹni tẹ́ ẹ jọ sin ín mọ̀ ọ́n. Gbọ́, ẹni yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti ẹ̀rọ tiẹ̀ pa, kí wọ́n lè ní kò sí níbẹ̀. Ó wá wá ẹ̀rọ méjì tó máa jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n Ajah tó mú yẹn, gbogbo ẹni tó jókòó síbi fìdáù ló gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn àfáà, wọ́n sì mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti gbé e wá. Ẹni tó wà níbẹ̀ ò ní í fi Ajah purọ́."

"Èmi náà wà níbẹ̀, mà. Mi ò ronú kàn án."

"Ìwọ ń bu oúnjẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìwé ló sì pa ọgbọ́n rẹ, àkọsílẹ̀ lo gbà gbọ́ ju ojú ẹ lọ. Nínú ẹ̀yin mẹ́ta tẹ́ ẹ ní ẹ̀rọ, ta ni kò wá síbi fìdáù?"

"Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀ fún wọn."

"Ta ni?"

"Àǹtí mi," ni Fèyíkẹ́ wí. "Ṣùgbọ́n àwọn ló tọ́ mi, mà. Ìgbà tí ìyá wa kú, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Àwọn ló ń di irun mi lọ sílé ìwé."

"Mo gbọ́. Pè é."

*

Ohun tí Inspẹ́kítọ̀ ní kó sọ kò pọ̀. Fèyíkẹ́ sọ ọ́.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi dúpẹ́. Ẹ̀rọ ọ̀dọ̀ Bùọ̀dá Jàmíù ò tíì tàn láti Fúráídè. Kò síná. Fídíò Bàbá ṣì wà nínú ẹ̀. Ní báyìí mo wà lọ́dọ̀ lọ́yà, a máa wá gbé e láàárọ̀ ọ̀la."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Àníọlá wí. "Ẹ fi í síbẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án." Ó pa fóònù.

Fèyíkẹ́ wo Inspẹ́kítọ̀. "Inú wọn dùn. Ẹ gbọ́ ọ. Inú wọn dùn."

"Kó rí bẹ́ẹ̀," ni Inspẹ́kítọ̀ wí, kò sì fi ṣẹ̀sín.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kúrò, ó wọ inú báàgì Inspẹ́kítọ̀. Jàmíù gbé díkódà tó ti bàjẹ́ kan sí àyè rẹ̀ lórí pẹpẹ, ó fi ìdajì aṣọ bò ó, ó padà sídìí àwọ̀n. Àwọn obìnrin méjèèjì wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì. Fèyíkẹ́ ń bẹ Ọlọ́run pé kẹ́nikẹ́ni má wá. Ó ń bẹ̀ ẹ́ gidi, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀ fún aláìsàn.

Wákàtí kan kọjá. Ọkọ̀ kan dúró lókè, níbi tí títì parí sí. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ wọ bàtà ọ́fíìsì, yanrìn ń gbé e mì bó ṣe ń bọ̀. Àníọlá ni. Kò ki ẹnikẹ́ni. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù Jàmíù, ó kó pawabáǹkì àti ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì kékeré jáde nínú báàgì rẹ̀, ó ká aṣọ kúrò, ó ń wá ojú ibi tí wáyà máa wọ̀.

"Díkódà ni, Àǹtí mi," ni Fèyíkẹ́ wí láti ẹnu ọ̀nà.

Àníọlá ò fò. Ó rọra gbé pawabáǹkì náà sórí pẹpẹ.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí ní olè," ni Fèyíkẹ́ ń bá a lọ. "Ẹ jókòó sáàárín wọn, ẹ ń sunkún, ẹ ń ka ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín ṣe. Kí ni mo fi ṣe yín? Kí ni àwọn onílé mẹ́tàlélógún fi ṣe yín?"

"Ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́ta," ni Àníọlá dáhùn.

Fèyíkẹ́ mọ ohun tó wà ní ìṣẹ́jú kọkànléláàádọ́ta.

"Mo wò ó ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Jímọ̀," ni Àníọlá sọ, Inspẹ́kítọ̀ ló kọjú sí, bíi pé Fèyíkẹ́ ò sí níbẹ̀. "Bàbá ń ka àwọn tó ni ilẹ̀. Ó dé orí wa. Ó ní Àníọlá ò ní ìpín níbẹ̀, pé oyún àgbéwọlé ni ìyá rẹ̀ fi wá sílé ọkọ, pé kì í ṣe ọmọ Ọdúnjọ. Ọdún méjìdínlógójì ni mo ti ń jẹ́ Ọdúnjọ, mà. Ká ní mi ò wò ó, ilé ẹjọ́ ni ǹ bá ti gbọ́ ọ, níwájú gbogbo ayé." Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ta ló mú kámẹ́rà dání?"

Fèyíkẹ́ ò lè gbé ojú sókè.

"Oṣù mẹ́rin. O wá sílé mi, o jẹun, o ń pè mí ní Àǹtí mi. O sì mọ̀."

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo rò pé lọ́yà máa fò ó."

"O bi lọ́yà?"

Ó ti bi í. Lọ́yà ní tí wọ́n bá gé ìṣẹ́jú kan péré kúrò, àwọn tọ̀hún á ní ayédèrú ni, adájọ́ ò sì ní gbà á. Ó ti mọ èyí láti ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì sọ ọ́. Ó jẹ́wọ́ báyìí, ohùn rẹ̀ kò jù ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀ lọ.

"Gé e, Fèyíkẹ́," ni Àníọlá bẹ̀ ẹ́. "Mo bẹ̀ ọ́. Ibẹ̀ nìkan."

Lóde, ẹnì kan ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Fèyíkẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dáhùn láti ojúlé sí ojúlé.

"Mi ò lè gé e," ni ó wí. "Wọ́n máa gbọ́ ọ ní Ọjọ́bọ̀. Kí ẹ forí jì mí, kí ẹ má forí jì mí, wọ́n máa gbọ́ ọ."

Inspẹ́kítọ̀ Rọ̀kíbátù fa ìwé rẹ̀ jáde, ó tẹ́ ẹ lé orí itan, ó ṣí bírò. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ò mọ ẹkún. Ó kọ ọjọ́ àti aago. Ó kọ orúkọ olùfisùn, ó kọ orúkọ afurasí, ó wá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí ọ̀kan jẹ́ sí èkejì.

"Kí lo jẹ́ sí Fèyíkẹ́ Ọdúnjọ?" ni ó bi Àníọlá.

Àníọlá wo ilẹ̀. Inspẹ́kítọ̀ dúró de ìdáhùn.

"Ọmọ ìyá mi ni," ni Fèyíkẹ́ wí. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Inspẹ́kítọ̀ kọ ọ́, ó sì yí ìwé náà sí Fèyíkẹ́ kó fọwọ́ sí i.